Ohun Tó Gba Inú Imú Mi Lọ Sójú

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejì, oṣù Karùn-ún

Dókítà ló fún mi ní ìwé yìí. Ó ní kí n máa kọ ọ́ síbẹ̀ lójoojúmọ́: ṣé ẹ̀jẹ̀ dà, ihò imú wo, ṣé ó pọ̀. Ìlà kan lójúmọ́. Ó dáa. Iwájú ìwé ni màá kọ tiẹ̀ sí. Ẹ̀yìn ìwé, tèmi ni. Ẹni tó bá ṣí i wò, kí eéwo so ó nídìí.

Mureed ni mí. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Odídẹrẹ́ ni wọ́n ń pè mí nílé, torí kò sí ẹni tí mi ò lè sín jẹ. Ààfáà tó bá ń wúkọ́ kó tó pe ìrun. Ẹfọ̀n tó fẹ́ bímọ. Bàbá Kékeré tó bá ń purọ́ fún ọlọ́pàá lójú títì. Mo fi ilé-ìwé sílẹ̀ ní kíláàsì kẹfà, olùkọ́ ló ní kí n máa lọ, nítorí mo fi ohùn ẹ̀ lé gbogbo kíláàsì lọ sílé ní agogo mẹ́wàá àárọ̀. Iṣẹ́ ọ̀dà tírélà la ń ṣe nílé wa — òdòdó, ọ̀kín, àparò, kìnnìún tó ń rẹ́rìn-ín. Bàbá á ya ẹranko, èmi á fa ìlà tín-ín-rín tó yí i ká. Ojú ni iṣẹ́ yẹn. Ọwọ́ kàn ń tẹ̀lé e ni.

Nǹkan kan ń hù nínú imú mi. Ó ti lé lọ́dún kan. Ẹ̀jẹ̀ á kàn máa dà — sínú ọbẹ̀, sórí ẹ̀ní ìrun, sínú ọ̀dà funfun. Gbogbo ilé ní ooru ló gun orí mi. Wọ́n da omi tútù sí mi lágbárí. Wọ́n ní kí n máa fín àlùbọ́sà símú. Nígbà tí ihò ọ̀tún dí pátápátá, Bàbá mú mi lọ sọ́dọ̀ onígbàjámọ̀ ẹ̀yìn ọjà. Ọ̀gá náà tan tọ́ọ̀ṣì, ó ní, "Ẹran lásán ni." Ó ki ẹ̀mú bọ ibẹ̀. Ó fà á.

Ẹ̀jẹ̀ kan ògiri. Onígbàjámọ̀ ló kọ́kọ́ dákú. Mo gbé ẹ̀jẹ̀ ara mi mì tó ife mẹ́ta, mo sì bì í sórí bàtà Bàbá. Ó dúdú. Ó dì bí ẹ̀dọ̀. Tùẹ̀.

Ìdí nìyẹn tá a fi gba orí afárá odò kọjá wá sí ìlú Multan lónìí, sí ilé-ìwòsàn ìjọba. Dókítà Sarwat. Obìnrin ni. Mo ti sọ ọ́ ní Ọwọ́-Yìnyín, torí ìka ẹ̀ tutù ju irin tó fi là mí nímú lọ. Ó wo fọ́tò inú orí mi títí. Ó ní kókó ni. Kì í ṣe jẹjẹrẹ, kò ní ràn ká ara. Ó ní ọmọkùnrin nìkan ló ń mú, ní ìgbà tí irùngbọ̀n bá fẹ́ hù. Ẹ̀jẹ̀ ló kún inú ẹ̀ fọ́fọ́. Ó ti ń ti eegun ẹ̀yìn ojú ọ̀tún mi. Bó bá tẹ okùn iṣan tó wà lẹ́yìn ojú pa, ojú yẹn ti lọ nìyẹn. Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn. Bí ẹni pé òjò lè rọ̀ lọ́la.

Ìyá mi ń sunkún. Bàbá ń wo bàtà ẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹta

Mo la ẹnu síwájú dígí. Ó wà lẹ́yìn bèlúbèlú — pupa, ó ń dán, bí ẹ̀dọ̀ adìẹ tí wọ́n gbàgbé sínú omi. Wọ́n ní ó ń rùn. Èmi ò lè gbóòórùn ẹ̀, imú mi ti kú. Ojú àwọn tó jókòó tì mí ni mo fi ń mọ̀.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ karùn-ún

Wọ́n ní ká wá wo ojú.

Kí wọ́n tó pè mí, mo rìn wọ inú wọ́ọ̀dù. Mo rí ọmọkùnrin kan tí wọ́n ti yọ irú tèmi fún. Ètè òkè ẹ̀ wú bí bàtà. Aṣọ kún ihò imú ẹ̀ méjèèjì, itọ́ ẹlẹ́jẹ̀ ń kán tótó lágbọ̀n ẹ̀ sínú abọ́. Ìyá ẹ̀ ní abẹ́ ètè ni wọ́n gbà wọlé. Wọ́n gé e lábẹ́ ètè, wọ́n sì ká ojú ẹ̀ sókè bí ẹni ká ẹ̀ní.

Mo sọ fún ara mi pé kò sẹ́ni tó máa ká èmi.

Níbi ojú wíwò, bébà kan wà lára ògiri. Àmì kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, bí òòyà eléyín mẹ́ta, ó tóbi lókè, ó ń kéré bó ṣe ń bọ̀ nísàlẹ̀. Wàá sọ ibi tí eyín ẹ̀ kọjú sí. Ọkùnrin arúgbó kan ló ń na ọ̀pá sí i — mo sọ ọ́ ní Baba Òkè-Nísàlẹ̀. Èèyàn mọ́kànlá ló wà níwájú mi. Bébà kan náà. Ọ̀pá kan náà, láti òsì sí ọ̀tún, kò yí i padà rí. Òkè, ọ̀tún, ìsàlẹ̀, ọ̀tún, òsì, òkè… Mo ti há a sórí kó tó kan ẹni keje.

Ó bo ojú òsì mi. Bébà di èérí. Mo rí òòyà méjì, bóyá mẹ́ta. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Mo kà á dé ìlà tó kéré jù, tí ọmọ olùkọ́ tó wà níwájú mi pàápàá ò kà dé. Mo tiẹ̀ mọ̀ọ́mọ̀ ṣi "ọ̀tún" kan kà, kó má bàa pé jù.

"Máṣáà Allah," Baba Òkè-Nísàlẹ̀ ní. "Ojú ẹyẹ àṣá."

Ọwọ́-Yìnyín ka ohun tó kọ. Ó wò mí, ó tún wo fọ́tò. Ó ní ojú náà yọ síta díẹ̀, ẹ̀rù ń ba òun, ṣùgbọ́n ìríran dáa. Ó ní àwọn tí ojú wọn ti ń lọ ni òun máa kọ́kọ́ mú. Èmi, lẹ́yìn Ìtúnu Ààwẹ̀. Ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Keje.

Mo rẹ́rìn-ín láti ibẹ̀ dé orí afárá. Ìyá mi rò pé ayọ̀ ni.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹfà

Mo ṣe Baba Òkè-Nísàlẹ̀ fún wọn ní ṣọ́ọ̀bù búrẹ́dì. Wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé búrẹ́dì róòtì jóná.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìnlá

Ẹ̀jẹ̀. Ihò ọ̀tún. Ife tíì kan. Ó dà sínú ife tíì lóòótọ́. Sibtain ẹ̀gbọ́n mi ò mọ̀, ó mu ún. Ṣìọ̀! Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, èébì ló wá.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkàndínlógún

Tírélà Ọ̀gbẹ́ni Jadoon. Bàbá ya àparò méjì tó kọjú síra. Mo fa ìlà ọrùn èkejì, mo sì rò pé ó gún régé. Bàbá dé, ó dúró. Ó ní kí n fi ọwọ́ kàn án. Ìlà mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn àparò, tó ìbú ìka méjì, lórí ibi tí kò sí nǹkan kan.

"Ṣé o ti ń mugbó ni?"

"Rárá, Bàbá."

"Ta lo ń sín jẹ báyìí? Afọ́jú?"

Mo fi ọwọ́ bo ojú òsì. Gbogbo ojú títì wà nísàlẹ̀ omi ìfọṣọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Àǹtí Bakhtawar wá kí mi. Ẹ̀gbọ́n Bàbá ni, opó, Fèrè lorúkọ tí mo fún un torí imú ẹ̀ máa ń súfèé tó bá ń mí. Ó ní ojú mi ń yọ síta nítorí pé mo ń sín àwọn àgbàlagbà jẹ. Ó fi ọwọ́ dì mí lórí mú, ó lé tìróò sí mi lójú, ó da omi òdòdó rósì lé e, ó wá fi ojú bọ ihò imú mi.

"Háà! Ọmọ yìí! Ṣé eku ló kú síbẹ̀ ni?"

"Ẹ wá fi ọṣẹ wẹ òkú ẹ̀, Àǹtí."

Ó gbá mi létí. Tìróò ń ta mí, omi dúdú ń ṣàn wọnú ẹnu mi, ó korò. Bó ṣe jáde báyìí, mo ṣe súfèé imú ẹ̀ títí tí Sibtain fi ṣubú lórí ibùsùn olókùn. Àǹtí ṣì wà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ó gbọ́ ọ. Ó kàn fa ìbòrí ẹ̀ síwájú.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ ọgbọ̀n

Mo máa ń dán an wò lórí òrùlé láràárọ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ojú ọ̀tún ṣì ń rí ilé gogoro mọ́ṣáláṣí. Lónìí, mo ní kí ewúrẹ́ ilé kejì sún, Bàbá Kékeré ló dáhùn.

Mo rẹ́rìn-ín fún un pé eré ni. Ó ní orí mi ò pé.

Ọjọ́ mọ́kàndínláàádọ́ta ló kù kí ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Keje tó pé. Ó ń kó mi nírìíra pé mo ń kà á.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹta, oṣù Kẹfà

Mo sọ fún Ìyá. Ó ń po ìyẹ̀fun. Mo ní, "Ìyá, mo purọ́ níbi ojú wíwò. Mo kọ́ ọ sórí ni." Kò kọ́kọ́ yé e. Mo ṣàlàyé. Ó fi ọwọ́ oníyẹ̀fun gbá mi, ọ̀tún, òsì, ọ̀tún. Lẹ́yìn náà ó di orí mi mú mọ́ àyà, ó ń bú mi.

"Ta ni mo ṣẹ̀? Ẹ̀mí lo fi ń ṣeré! Ojú ara ẹ!"

Ìyẹ̀fun wọ imú mi, ẹ̀jẹ̀ dà, ó di ẹ̀kọ pupa lára aṣọ ẹ̀. Nǹkan ẹ̀gbin lásán ni mí.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹfà

Ọwọ́-Yìnyín ò pariwo. Ó bá mi lọ síbi bébà fúnra ẹ̀, ó yọ ọ́ lára ògiri, ó dorí ẹ̀ kodò, ó tún un lẹ̀. Ó bo ojú òsì mi.

"Ó yá. Kà á."

Mi ò rí bébà.

Ó ní kí n sún mọ́ ọn. Mo sún. Ó ní kí n tún sún. Ìgbà tí mo rí òòyà ńlá, tó ti bọ́ sísàlẹ̀, mo ti fẹ́ẹ̀ fi imú kàn án. Baba Òkè-Nísàlẹ̀ dúró sí igun pẹ̀lú ọ̀pá ẹ̀. Ó ní, "Dókítà, ọdún mọ́kànlélógún ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí." Mo lè ṣe ohùn yẹn dáadáa. Mi ò fẹ́.

Dókítà ní òun á ṣe mí ní ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù yìí. Ó ní òun á ti ẹlòmíràn sẹ́yìn nítorí mi, kò sì dárúkọ ẹni náà. Ó ní kókó yìí máa ń ṣẹ̀jẹ̀ bí ẹran tí wọ́n dú. Àpò ẹ̀jẹ̀ márùn-ún ni òun fẹ́ rí ní ilé ẹ̀jẹ̀ kí òun tó gbé ọ̀bẹ. Ara ìdílé ni kó wá fà á. Kò pọn dandan kó bá tèmi mu, wọ́n á gba tiwọn, wọ́n á fún mi ní èyí tó bá mi mu. "Márùn-ún," ó ní. "Tó bá ku ẹyọ kan, mi ò ní ṣe é. Mi ò ní jẹ́ kó kú sí mi lọ́wọ́."

Bàbá ka ìka: òun, Sibtain, Bàbá Kékeré, àwọn ọmọ Bàbá Kékeré méjèèjì. Márùn-ún géérégé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ keje

Ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ooru ń sun òkúta. Bàbá àti Sibtain ti fa tiwọn. Sibtain ní abẹ́rẹ́ náà nípọn tó okùn bàtà. Irọ́ ni.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹjọ

Bàbá Kékeré. Rab Nawaz. Àpáta ni mò ń pè é, torí àyà ẹ̀, ó máa ń fi han gbogbo èèyàn. Awakọ̀ tírélà. Ó lè fi apá kan gbé táyà. Ó wá jókòó sọ́dọ̀ Bàbá lónìí, ó ní ìṣòro wà.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀ ń rí i, ààwẹ̀ ni. Ẹni tó bá fa ẹ̀jẹ̀, ààwẹ̀ ẹ̀ ti ń mì."

"Ààfáà ní kò sí nǹkan tó ṣe ààwẹ̀."

"Ààfáà ò wa tírélà. Ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin kì í padà. Ẹ jẹ́ ká ṣe é lẹ́yìn Ìtúnu."

Bàbá wo bàtà ẹ̀. Kì í bá a jiyàn. Mo jáde. Mo bú sẹ́kún, èyí tún rí mi lára.

Ọ̀sán ganrínganrín, mo kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ tírélà Àpáta ní ibi ìgbọ́kọ̀sí. Fèrèsé wà lókè, aṣọ bò ó. Mo gun táyà, mo yọjú. Àpáta jókòó sínú ibẹ̀, ọ̀rá samósà wà lórí itan ẹ̀, òróró ń ṣàn ní irùngbọ̀n ẹ̀. Ó ń jẹ ẹ́ bí ajá. Lágbárá Ọlọ́run, ó ń pa ojú dé bó ṣe ń jẹ. Mo fẹ́ẹ̀ bì sórí táyà.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹsàn-án

Mo ti bà á jẹ́. Kí n kọ ọ́ bó ṣe rí.

Ìṣínu. Gbogbo ilé jókòó sórí ẹ̀ní. Àpáta wà níbẹ̀, àwọn ọmọ ẹ̀ méjì, Àǹtí Bakhtawar, ọkùnrin ṣọ́ọ̀bù búrẹ́dì. Àpáta mú èso dábínù kan sọ́wọ́, ó ní ọ̀fun òun ti gbẹ, Ọlọ́run nìkan ló mọ ohun tí awakọ̀ ń fojú rí nínú ààwẹ̀.

Ẹnu mi là fúnra ẹ̀. Mo fi ohùn ẹ̀ sọ ọ́. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀ ń rí i, ààwẹ̀ ni." Mo wá pa ojú dé, mo jẹ samósà tí kò sí lọ́wọ́ mi. Mo jẹ ẹ́ pẹ̀lú ìró. Mo lá ìka. Mo nu irùngbọ̀n tí mi ò ní. Mo gùfẹ̀ bó ṣe máa ń gùfẹ̀ — ẹ̀ẹ̀mejì, èkejì gùn. Mo ní, "Ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin kì í padà. Òróró nìkan ló ń padà."

Ọkùnrin ṣọ́ọ̀bù búrẹ́dì ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà gbogbo ẹ̀ní.

Àpáta dìde. Ojú ẹ̀ dà bí tòmátò tí wọ́n tẹ̀. Ó ní, "Rukhsana, dìde!" — ìyàwó ẹ̀ nìyẹn — "Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ dìde! Ẹ̀jẹ̀ ọmọ mi kankan ò ní wọnú ara ọmọ àlè yìí." Àwọn ọmọ ẹ̀ wò mí. Àwọn yẹn ti fẹ́ lọ fà á lọ́la. Wọ́n tẹ̀lé e.

Mẹ́ta lọ lẹ́ẹ̀kan. Bàbá ò gbá mi. Ì bá sàn kó gbá mi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kọkànlá

Ìyá lọ sí ilé ẹ̀jẹ̀. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ tiẹ̀ ò tó òun fúnra ẹ̀. Wọ́n fún un ní òògùn kó máa lò. Ó padà wálé, ó jókòó sílé ìdáná láì bọ́ bàtà.

Bàbá lọ bẹ àwọn ọlọ́ọ̀dà, awakọ̀, ará mọ́ṣáláṣí. Ohun tí wọ́n ń sọ fún un nìyí: Ààwẹ̀. Ẹ̀yìn ń dùn mí. Ìyàwó mi ò ní gbà. Màá wá lọ́jọ́ Ajé. Ọ̀kan ní ẹ̀jẹ̀ òun kò dáa, ó ti ní ibà rí ní kékeré. Àwọn ọkùnrin tó ń fi irun àyà yangàn ní ọjà! Gbogbo wọn ń kó mi nírìíra. Bàbá ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ẹni kọ̀ọ̀kan, bó ṣe ń kúrò lọ́dọ̀ wọn.

Méjì. Ó ku mẹ́ta.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kejìlá

Ojú ọ̀tún: mo rí fèrèsé. Ìyẹn nìkan.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàlá

Àǹtí Bakhtawar wọlé láàárọ̀, ó ní, "Ó dà, ilé ẹ̀jẹ̀ yẹn dà?"

Bàbá ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀rọ̀ ọkùnrin ni."

"Ọkùnrin wo? Mo ti wo apá ọ̀tún, mo wo apá òsì, mi ò rí ẹnì kankan."

Sibtain ní tí wọ́n bá fi ẹ̀jẹ̀ obìnrin sí mi lára, màá bẹ̀rẹ̀ sí í rán aṣọ. Àǹtí fi bàtà sọ ọ́.

Sibtain ló fi ọkọ̀ gbé wọn lọ, òun ló ròyìn fún mi. Àǹtí, Nadia ọmọ ẹ̀, àti obìnrin kẹta nínú aṣọ ẹlẹ́hàá dúdú láti orí dé ẹsẹ̀, kò sọ̀rọ̀ rárá lọ́nà. Dé ilé ẹ̀jẹ̀, ọkùnrin ibẹ̀ wò wọ́n, ó ní, "Ìyá, àwọn ọkùnrin yín ńkọ́?"

Àǹtí ní, "Wọ́n ń gbààwẹ̀."

"Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ẹ ò gbààwẹ̀ ni?"

"À ń gbà á. A máa tú u, a sì máa san án lẹ́yìn Ìtúnu. Ọmọ wa fẹ́ fọ́jú. Wá abẹ́rẹ́ ẹ, jàre."

Obìnrin kẹta ká ọwọ́ aṣọ sókè, Sibtain sì rí ẹ̀gbà ọwọ́ aláwọ̀ ewé. Rukhsana. Ìyàwó Àpáta. Ó ti sọ fún ọkọ ẹ̀ pé òun ń lọ kí aláìsàn. Kò kúkú purọ́.

Márùn-ún pé.

Mo fẹ́ lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ Àǹtí. Mo dé ẹnu ilẹ̀kùn, ó ń sùn, imú ẹ̀ ń súfèé. Mo dúró títí. Mo padà.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Mo ti wọ wọ́ọ̀dù. Aáyán wà lábẹ́ ibùsùn. Ẹni tó sùn síbí kẹ́yìn fi nǹkan sílẹ̀ lára tìmùtìmù, mi ò fẹ́ mọ ohun tó jẹ́. Nọ́ọ̀sì kan fá irun imú mi. Irun imú! Mo ní ṣé wọ́n máa fún mi ní ìwé ẹ̀rí pé mo ní in tẹ́lẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀rù ń bà mí. Mo ti kọ ọ́. Ó tán.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Wọ́n ń bọ̀.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kọkàndínlógún

Ojú òsì ni mo fi ń kọ ọ́. Wọ́n fi òwú bo ọ̀tún, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ìlà ń wọ́.

Wákàtí mẹ́fà, Bàbá ní. Wọ́n lo àpò mẹ́rin nínú márùn-ún. Ìyá ò jókòó fún wákàtí mẹ́fà.

Wọ́n gbà mí lábẹ́ ètè àti inú imú. Ètè mi ti di bàtà, bíi ti ọmọ ọjọ́sí. Imú mi kún fún aṣọ débi pé ẹnu ni mo fi ń mí, ahọ́n mi gbẹ bí awọ ewúrẹ́ lórí òrùlé. Ohun tó ń kán lọ́nà ọ̀fun mi, mi ò lè dárúkọ ẹ̀. Mò ń gbé e mì. Kò sí ibòmíì tó lè gbà.

Ọwọ́-Yìnyín gbé e wá fún mi wò nínú ìgò. Ó tó ẹyin pẹ́pẹ́yẹ. Ó ní ìrù méjì, ọ̀kan gùn lọ sí ibi tí ojú wà. Àwọ̀ ẹ̀ ti rẹ̀ sílẹ̀, bí ètè òkú. Ohun tí mo ń bọ́ láti ọdún kan. Ohun tó ń jẹ róòtì mi, tó ń mu wàrà mi. Mo fẹ́ tutọ́ sí i lára. Itọ́ mi ẹlẹ́jẹ̀ kàn ṣàn sórí àyà ara mi.

"Gbogbo ẹ̀ ti jáde," ó ní. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ti rẹ̀.

Mo kọ ọ́ sórí bébà: OJÚ ŃKỌ́?

Ó ní ká jẹ́ kó rọlẹ̀ ná. Lọ́jọ́bọ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlélógún

Wọ́n fa aṣọ inú imú mi jáde. Mo rò pé ẹyọ méjì ni. Ó ń bọ̀, ó ń bọ̀, ó ṣì ń bọ̀ — gígùn, dúdú, yíyọ̀, bí ìfun tí wọ́n ń fà lára ẹran. Mo gbọ́ ìró ẹ̀ nínú agbárí. Nọ́ọ̀sì ń ká a sínú abọ́, ó ń yí imú ara ẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó má bàa gbóòórùn ẹ̀. Mo bì lẹ́ẹ̀mejì. Ó fà á lọ.

Ìgbà náà ni afẹ́fẹ́ wọlé. Ihò méjèèjì. Òórùn wọlé pẹ̀lú ẹ̀ — Ọlọ́run ò! Ìtọ̀, òògùn apakòkòrò, ẹsẹ̀ Sibtain, aṣọ mi, èmi. Èmi gan-an. Ṣé bí mo ṣe ń rùn nìyí fún ọdún kan, tí Ìyá ń dì mí mọ́ra?

Mo ní, "Ẹ gbé abọ́ yẹn kúrò." Mo wẹ̀yìn wo ẹni tó sọ̀rọ̀. Èmi ni. Ohùn kan tí mi ò gbọ́ rí, ó mọ́, ó jìn, kò ti imú jáde. Ìyá náà wo ẹnu ọ̀nà.

Mo ki ìka bọ abẹ́ òwú ojú ọ̀tún. Mo la ojú. Dúdú. Òwú ló fà á.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlélógún

Láàárọ̀, Ìyá fún Sibtain ní iṣẹ́ kó lọ ra páálí àkàrà aládùn, èyí tó ń ṣẹ́ kánkán, tó ní bọ́tà, ká lè pín in fún wọ́ọ̀dù. Bí wọ́n ti máa ń ṣe nìyẹn tí aláìsàn bá yè. Mo ní kó dúró ná. Ó ní kí ni ká dúró dè, ṣé kókó ò ti wà nínú ìgò?

Wọ́n mú mi wọ yàrá. Èmi àti Ọwọ́-Yìnyín nìkan. Ó ṣí òwú. Ó fi omi gbígbóná nu ẹ̀pá kúrò lára ìpéǹpéjú mi, ìka ẹ̀ ò tutù lónìí. Ó bo ojú òsì.

"La ojú."

"Mo ti là á."

Mo gbọ́ tí ó tan tọ́ọ̀ṣì.

"Kí lo rí?"

"Ìmọ́lẹ̀. Níbẹ̀ yẹn."

"Ìka mélòó ni mo gbé sókè?"

Mi ò rí ìka. Mo rí nǹkan kan tó kọjá níwájú ìmọ́lẹ̀, bí ẹni tó gba iwájú ìkélé kọjá. Mo mọ̀ pé tí mo bá ní "méjì" ó lè jẹ́ méjì. Mo ní, "Mi ò rí i."

Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó wo inú ojú mi pẹ́. Ó ní kókó ti lọ, kò ku nǹkan kan, ojú òsì kò ní ewu mọ́. Okùn iṣan ti ọ̀tún ni kókó tẹ̀ pẹ́ jù. Ìwọ̀nba tó bá padà láàárín oṣù mẹ́ta, ìyẹn ni màá lò.

Mo ní, "Tó bá jẹ́ oṣù tó kọjá ni ẹ ṣe é ńkọ́?"

Ó de gègé ẹ̀. Ó ní, "Mi ò lè búra." Ó ṣí ilẹ̀kùn, ó tún tì í. "Ṣùgbọ́n mo rò pé ojú náà ì bá ṣì máa ríran. Bẹ́ẹ̀ ni."

Mo dúpẹ́ pé kò purọ́ fún mi. Ó sì tún bí mi nínú pé kò purọ́.

Ìyá wà lórí bẹ́ǹṣì níta. Ó ti ṣí páálí. Ó ti ń pín in — fún nọ́ọ̀sì, fún ìyá ọmọ kejì, fún ẹni tó ń gbálẹ̀. Ó ń sọ fún wọn kí wọ́n mú un dání títí di ìṣínu. "Ọmọ mi ti gbádùn. Ojú ẹ̀ ti là. Ẹ bá mi dúpẹ́." Baba Òkè-Nísàlẹ̀ náà gba méjì, ó gbàdúrà fún mi, kò wò mí lójú.

Mo dúró síwájú Ìyá. Mo ní, "Ìyá, ojú ọ̀tún ò ríran. Dókítà ní ó lè má ríran mọ́."

Ó gbójú sókè. Ó wo ẹnu mi. Ó wá rẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ gbá mi lápá.

"Odídẹrẹ́! Ohùn ta lo tún ń ṣe yìí? Jọ̀ọ́, má ṣe é fún mi lónìí. Ẹ̀rù bà mí."

Ó kán nínú àkàrà náà, ó fi sí mi lẹ́nu. Mo gbóòórùn ẹ̀, bọ́tà àti ṣúgà tó jóná díẹ̀. Ó dùn jù. Mo jẹ ẹ́. Mo gbé e mì, gbogbo ẹ̀, ó sì ń wò mí, ó ń rẹ́rìn-ín.

Mo tún un sọ.